Fìlà Inú Òkùnkùn

Àwọn ọmọ tó kù ti sáré gba ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òkè lọ,
èyí tí í já wálẹ̀ bí ìdì ẹyìn tó bọ́ lórí ọ̀pẹ.
Igbe wọn ń dún lórí adágún Erie.
Èmi fa Tiwalọlá lọ́wọ́, a gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń din ọ̀dùnkún,
lọ síbi tí kò sí ìlà, tí kò sí ariwo,
àfi kẹ̀kẹ́ onípákó tó ń bu omi, tó ń dà á nù.
Ilé Ọlọ Àtijọ́ ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀.
"Dádì, ìyẹn ń falẹ̀ jù."
Mo ní, "Ó ń falẹ̀. Ìdí tí a fi wá nìyẹn."

Wendell ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti di òwú.
Kò dá mi mọ̀. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì,
ó fi irin dè wá lórúnkún, ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀
bó ṣe ń ti gbogbo ayé láti ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì padé lẹ́yìn wa.
Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀:
epo ẹ̀rọ, pákó tó ń rà, omi tó ti pẹ́ ní kòtò.
Ọdún kìíní mi nílẹ̀ yìí, òun ni mò ń gbé lọ sùn.
Aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tó ṣí géètì,
èmi ni mo ń wọ bàtà rọ́bà la inú omi kọjá,
tí mo ń nu eruku lójú àwọn tí kò mí rí.
Mo mọ ibi tí wáyà ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti já.
Mo mọ̀ pé àgùntàn náà kò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn,
pé àwọn ìràwọ̀ òkè yẹn, ihò ìṣó ni,
oòrùn ìta ló ń yọjú.

Tiwalọlá ò mọ̀. Ó di apá mi mú.
Òwìwí ṣẹ́jú sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fara pamọ́.
Ọkọ̀ ń lọ bí arúgbó tó ń wá awò ojú rẹ̀,
ó kan ògiri ọ̀tún, ó kan tòsì.
Ẹni tó bá mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ eégún,
ẹnu rẹ̀ ló ń pa mọ́.

Ní ìyànà kẹta mo gbọ́ mótò rẹ̀ kí n tó rí i:
kẹ̀-kẹ̀, ìsinmi, kẹ̀-kẹ̀.
Baba ọlọ́lọ, lórí àga,
tó ń mi orí sókè, sódò.
Eku ti jẹ irun orí rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún,
ọ̀gá ní kò sówó irun títí di ọdún tó ń bọ̀.
Ni mo bá ṣí àpótí mi,
mo mú abetí-ajá aláró tí bàbá mi fi dé mi
lọ́sàn-án tí mo kúrò ní Ìlá,
mo fi dé e. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo ní.

Ọdún mọ́kànlá.

Ó ṣì wà lórí rẹ̀. Eruku ti sọ aró di eérú,
etí kan ti wọ́ bolẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́ lórí bàbá mi gan-an
tó bá ń tòògbé nídìí rédíò.
Oṣù kẹta ni wọ́n sin ín. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ ìjọba.
Lórí fóònù ni mo ti wò ó; fóònù náà kú
kí wọ́n tó bu eèpẹ̀.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Irin dè mí lórúnkún.
Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."
Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin-mẹ́rin ló ń mi orí,
èmi fúnra mi ni mo ń fi epo sí i,
mo mọ̀, mo mọ̀,
síbẹ̀ mo dúró de èsì, ó sì mi orí.

"Dádì, ta lẹ̀ ń kí?"
"Onílé."
Ó rò ó díẹ̀. Òun náà tẹrí ba,
ìwọ̀n tí irin gbà.

Oòrùn gbá wa lójú. Wendell ń tú wa sílẹ̀,
kò wò mí, irin ló ń wò:
"Ṣé o wá mú un ni?"
Ẹnu mi wúwo. Mo ní, ẹ jẹ́ kó máa dé e.
Òtútù ń bọ̀.
Tiwalọlá ti padà lọ tò sórí ìlà,
òun nìkan.